Ọlọ̀tẹ̀ Kì Í Dọ̀bálẹ̀
"Dìde! Ọlọ̀tẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀!" Ọ̀gá eléré jágbe láti orí ìtẹ́. Ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dánra wò ní àdúgbò Akpakpa, òun ló ń ṣe Jọ́ọ̀jì, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí Amẹ́ríkà ṣọ̀tẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lé Tìmílẹ́yìn, tó ń ṣe ìránṣẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, padà sẹ́nu ọ̀nà. Tìmílẹ́yìn tún wọlé, ó na lẹ́tà sí i, ó tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ogún ọdún ni mo fi kọ́ yín léré!"

Ọ̀gá fi ìbínú ya àpò lẹ́tà náà, ó sì kà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú eré ló bá níbẹ̀. Gbogbo òṣèré rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé àwọn ò ṣeré lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ó gbójú sókè. Ọkùnrin ti dọ̀bálẹ̀, obìnrin ti kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dìde.