Orin Tí Ọ̀bọ Lé Fúnra Rẹ̀

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, orí èjìká Àgbọ̀nrín tó bó ló bà lé.

Àgbọ̀nrín, Ọ̀bọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló máa ń gbé Kìnnìún ọba lọ sódò lórí àga. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀bọ lé orin:

Lílé: Ó lẹ́sẹ̀ bíi tiwa.
Ègbè: Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Lílé: Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn.
Ègbè: Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ Kìnnìún ti gbàgbé ìrìn, ó wọ́ra wọgbó lọ. Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbé Ọ̀bọ sórí àga náà, kí wọ́n lè gbé e délé. Ọ̀bọ délé, kò sọ̀ kalẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Èjìká Àgbọ̀nrín tún bó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe rìn díẹ̀?" ló bi Ọ̀bọ.

"Àbúrò, ẹ̀yin lẹ ni àga yìí. Èmi kàn ń bá yín jókòó lé e ni."

Nígbà tí wọ́n dé inú ẹrẹ̀ odò, ẹsẹ̀ wọn ń rì. Ọ̀bọ pòṣé.

"Ẹ ti ya ọ̀lẹ. Nígbà tiwa, orin la fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbè é: Ó lẹ́sẹ̀ bíi tiwa."

Àgbọ̀nrín wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ohùn yín kò ròkè. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń wí."

Wọ́n gbóhùn sókè, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóòótọ́. Ẹrẹ̀ mu Ọ̀bọ dé àgbọ̀n.

"Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ̀ mí kalẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n," ni Àgbọ̀nrín wí, ó ń fọwọ́ ra èjìká. "Ẹ̀yin lẹ lé e. Àwa kàn gbè é ni."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi náà ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.