Ìdánwò Ọpọlọ ní Agbowó

Ní ọdún 1964, Dókítà Olúdọ̀tun ń wádìí bí igbó fífà ṣe ń ṣe ọpọlọ ọkùnrin àti ti obìnrin. Èrò tirẹ̀ ni pé obìnrin ni èéfín náà tètè ń sọ di onígbàgbé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ló ń rí dán wò. Obìnrin kankan kò jẹ́wọ́ fún un pé òun ń fà á.

Òórùn ló júwe ilé Bàbá Adéyẹmọ fún un ní Agbowó. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Moróunkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti ṣe tíṣà rí. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n fi gba àlejò.

"Ẹ má bínú o, mo gbọ́ pé igbó kì í wọ́n nínú ilé yìí," ni Olúdọ̀tun wí.

Bàbá wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dé etí ọlọ́pàá?" ni Màmá béèrè.

"Láéláé, mà. Ìwádìí lásán ni. Bàbá ni mo fẹ́ dán wò. Kí ẹ̀yin náà jọ̀ọ́ bá wọn dáhùn, kí n lè fi yín wéra."

"Kò burú. A kúkú ń wá eré."

Dókítà ka orúkọ nǹkan sí wọn létí: ìgbálẹ̀, bàtà, ọsàn, abẹ́rẹ́, àtùpà, ẹ̀gẹ́, agboòrùn. Wọ́n mu tíì. Màmá ló jẹ bísíkíìtì jù. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ilé tuntun tó ń yọ ní Bódìjà. Nígbà tó ṣe, Dókítà ní kí wọ́n dárúkọ àwọn nǹkan náà padà.

"Bàtà," ni Bàbá wí. Ó họ orí. "Àti ewúrẹ́."

"Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, sà."

"Ó yẹ kó wà níbẹ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka gbogbo rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ka Sáàmù, kò fo ọ̀kan.

Àánú Bàbá ṣe Olúdọ̀tun. Bí igbó bá lè fọ ọpọlọ ọkùnrin báyìí, ti obìnrin á ti wá rí?

"Ká ní mo lè rí obìnrin kan péré tó ń fà á," ló wí, bó ti ń dìde.

Màmá kó ife wọlé, ó ń kọrin.

Bàbá sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Dókítà, èmi tí mò ń gbàgbé tó báyìí, tí n kò fa igbó rí láyé mi, ṣé kí n bẹ ìyàwó mi kó bù fún mi nínú tiẹ̀ ni?"