Ìwọ̀n Hàmídù

Ìròyìn oko àti ọjà ni Láníyì ń kọ fún ìwé ìròyìn kan n'Íbàdàn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1955, àwọn àgbẹ̀ Ute ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní kòkó táwọn wọ̀n nílé máa ń fúyẹ́ bó bá dé sítọ̀ tí wọ́n ti ń rà á.

Hàmídù ló ń wọn kòkó ní sítọ̀ náà. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, àwo kan náà lòun àti Láníyì sì ti jọ ń jẹun láti kékeré. Ọ̀rọ̀ náà ba Láníyì nínú jẹ́. Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Hàmídù, ṣé ọwọ́ rẹ mọ́?"

"Ìwọ̀n mi kì í purọ́. Wá fojú ara rẹ rí i."

Ojú lásán kò tó. Láníyì ra àpò kòkó kan ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ó gbé e sórí ìwọ̀n ìjọba l'Ọ́wọ̀. Ogóje páùn ni. Ó rán ẹnu àpò náà pa, ó gbé e sí yàrá ìyá rẹ̀, Agatha. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún un, nítorí ẹnu màmá náà kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Kòkó ni màmá fi rán an níwèé, ṣùgbọ́n Láníyì fúnra rẹ̀ kò roko rí.

Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi wà lórí ẹní. Ọyẹ́ ti dé, oòrùn sì ń mú ganrínganrín. Ìyá rẹ̀ á gbé àgbo wá fún un, á tún jáde sí àgbàlá, á máa fẹsẹ̀ wọ́ nílẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Sinmi, ọmọ mi," ló máa ń wí. "Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́."

Ní ọjọ́ keje, Láníyì bá àpò náà níbi tó gbé e sí, ẹnu rẹ̀ rán pinpin. Ó ní kí àgbẹ̀ kan gbé e lọ síwájú Hàmídù, òun sì sá pamọ́ sẹ́yìn lọ́rì.

"Àádóje páùn," ni Hàmídù ké.

Páùn mẹ́wàá ti wọlẹ̀. Omi bọ́ lójú Láníyì. Ó kọ ọ́ jáde lọ́sẹ̀ náà, tòun torúkọ Hàmídù.

Wọ́n lé Hàmídù níṣẹ́. Àwọn ará Ute hó lé e lórí títí tó fi kúrò nílùú, kò sì sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ mọ́ l'Ọ́wọ̀. Ó lọ ń ṣe lébìrà lóko olóko ní Okeluse. Nígbà òjò ọdún kejì, ejò bù ú jẹ níbẹ̀, ó sì kú.

Láníyì ti di olóòtú nígbà náà. Ó wá kí Sàlímọ́tù, ìyàwó olóògbé, ìyẹn sì kẹ̀yìn sí i. Ó kọjá sílé ìyá rẹ̀.

"Òótọ́ ni mo kọ, ìyá mi, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí wọra. Àpò kòkó tí mo gbé sí yàrá yín nígbà tí ibà ń ṣe mí ni mo fi mú un."

Màmá gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Láníyì, kòkó yẹn kò tíì gbẹ, mo tú ẹnu rẹ̀, mo sá a sóòrùn ní gbogbo ọjọ́ tí o fi dùbúlẹ̀, mo sì rán an padà, kí wọ́n má baà fi ọ́ ṣẹ̀sín nídìí ìwọ̀n."