Òrùka Pupa Tó Dín

Òrùka pupa kan ṣoṣo ni Láwàlì bá lórí àwòrán iṣẹ́ tó délẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ibi tí rúlà ọmọ iléèwé lè wọ̀n ni wọ́n sì fi yí ká.

Josiah ló ń ya àwòrán ní ilé iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń gé irin fún ẹ̀rọ lọ́nà Papalanto. Ibi tó bá fi bírò pupa yí ká lórí àwòrán ni Láwàlì gbọ́dọ̀ wọ̀n kí iṣẹ́ tó jáde. Ibi tí kò bá yí ká kò kan Láwàlì. Tẹ́lẹ̀, òrùka Josiah máa ń kún ojú ìwé bí ata tó so wọ̀ǹtìwọnti. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984 yìí, tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, tí máníjà sì ti sọ pé ẹni tí iṣẹ́ kò bá sí lórí tábìlì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ, òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Láwàlì nu awò ojú rẹ̀ mọ́ etí bùbá, ó gbé àwòrán náà tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

“Josiah, àbí bírò rẹ ti gbẹ ni?”

Josiah rẹ́rìn-ín. “Èmi gan-an ni mo ń gbẹ, ọ̀rẹ́ mi.”

“Ihò kékeré yìí ńkọ́? O máa ń yí i ká.”

“Àwọn Mọ́nsúrù tó ń gé irin ti mọṣẹ́. Fi wọ́n sílẹ̀.”

Kò wo ojú Láwàlì bó ṣe ń sọ ọ́.

Láwàlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Josiah tí kì í kúrò nídìí tábìlì ti ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn agérin báyìí. Bí Láwàlì bá sún mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, Láwàlì dúró lójú fèrèsé, ó ń yí máíkírómítà síhìn-ín sọ́hùn-ún, irin ìwọ̀n tí ìlà ara rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Josiah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“NEPA tún ti ṣe tiwọn. Jẹ́ kí n bá ọ wò ó.”

“Ṣé iṣẹ́ mi lo fẹ́ gbà ni?”

“Háà, Láwàlì!”

Nílé, Láwàlì ro ẹjọ́ fún Kùdírátù, ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ tó fẹ́ rẹ sí aró.

“Josiah tó gbé àkọ́bí wa lọ sọ́sípítù lórí kẹ̀kẹ́?”

“Òun náà ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.”

“Ẹ fara balẹ̀ ná, bàbá Bùsírátù. Ẹ bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí.”

Láwàlì pòṣé. “Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kọ́ là ń sọ.”

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwòrán àtijọ́ àti tuntun lọ síwájú máníjà. Máníjà ránṣẹ́ pe Josiah.

“Ta ló ní kí ẹ má yí àwọn ibí yìí ká mọ́?”

“Èmi ni, sà.”

“Kí ló fà á?”

Josiah wo Láwàlì, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. “Kò nídìí, sà.”

Inú Láwàlì tutù bí omi àmù. Kò tilẹ̀ jiyàn!

Kí Jímọ̀ tó pé, wọ́n ti ní kí Josiah máa lọ. Ó gbé àpò rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Láwàlì.

“O kú iṣẹ́ o.”

Láwàlì yíjú sí fèrèsé.

Jùbrílù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbà rọ́pò Josiah, fi òrùka pupa kún gbogbo àwòrán, irin sì kún tábìlì Láwàlì bámúbámú. Inú rẹ̀ dùn. Ó nu awò ojú, ó mú máíkírómítà, ó fi há irin àkọ́kọ́, ó sì gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé e jáde sínú oòrùn. Mọ́nsúrù tẹ̀ lé e, ó ṣí fìlà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá kí n bá yín kà á, bí Ọ̀gá Josiah ṣe máa ń wọn àwọn tó kéré lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó dé ọwọ́ yín, ọ̀gá ní ká má jẹ́ kí máníjà gbọ́ láé pé ojú yín kò rí ìlà tín-ín-rín mọ́.”