Yunifásítì Ti Pe Bùsọ́lá

Láràárọ̀ ni Màámi máa ń jókòó tì mí lójúde wa ní Aràmọ̀kọ, kí n lè ka iṣẹ́ tó jáde ní yunifásítì fún wọn lórí fóònù.

"Wọ́n ń wá olùkọ́ nínú ìmọ̀ ilẹ̀, mà."

"Iṣẹ́ Bùsọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́."

Mo fi ránṣẹ́. Gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

"Ṣé kò tíì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tó ti lọ ṣe ìwádìí ni?"

"Kò tíì sí, mà."

Lónìí, bí a ṣe ń sá kòkó, fóònù dún.

Yunifásítì ni. Wọ́n fẹ́ rí Dókítà Adébùsọ́lá lọ́jọ́ Ajé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Màámi bẹ́ sí ijó láàárín kòkó.

"Àwọn tó ní ọmọ mi á hu ewú sídìí ìwé dà o? Kí wọ́n jáde wá!"

Bàbá Matthew, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí Bùsọ́lá kó wálé, kí n gbàdúrà lé e lórí kó tó lọ."

Èmi ni Bàbá ń wò.

Àwọn ló ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní ìyá kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ọkàn Màámi ò ní lè gbé e.

Ìjerò la sin Bùsọ́lá sí, nígbà ọyẹ́.

"Kí lò ń wò?" ni Màámi wí. "Mú áyọ́ọ̀nù wá, kí n lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dè é."

Mo dìde, mo lọ mú un wá.