Páwà Báǹkì Oníhò Méjì

Ẹ̀gbà ọwọ́ ni gbogbo páwà báǹkì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Mọrẹ́nikẹ́. Ooru ara ló ń fún wọn níná, ẹni tó bá wọ̀ wọ́n nìkan ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún.

Mọrẹ́nikẹ́ ní, "Màmá, ẹnikẹ́ni ò ní tọrọ iná lọ́wọ́ yín mọ́."

Bẹ́ẹ̀ iná títọrọ yẹn ló fún mi lọ́kọ. Àkànmú kanlẹ̀kùn mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fóònù mi sí páwà báǹkì yín díẹ̀." Ogójì ọdún la fi jọ gbé. Látìgbà tó ti kú, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn mi mọ́.

Mo ní, "Bá mi wá oníhò méjì, oníwáyà ayé àtijọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ta ló máa lo ihò kejì?"

"Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn."