Kànga Tí Kì Í Gbẹ

Àwọn ará àdúgbò náà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ti fẹnu kò pé bí Màmá Lánípẹ̀kun bá ti lè gbà kí Alàgbà Dúrójayé kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tí yóò bá a fà á mọ́. Ilẹ̀ Alàgbà wà lókè, ti Màmá wà nísàlẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n. Màmá ni eruku àti ariwo yóò kọ́kọ́ dé bá.

Wọ́n pàdé nínú ọgbà Màmá ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kejì, nígbà tí oòrùn ti sọ gbogbo koríko ìlú di gbígbẹ, àfi tẹ̀tẹ̀ tó yí kànga Màmá ká. Alàgbà kó mọ́ọ̀tì tútù wá fún gbogbo èèyàn. Ó gbé ike omi tirẹ̀ dání, bó ti máa ń ṣe níbi gbogbo.

Ọ̀gbẹ́ni Isaac, alága àdúgbò, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní Alàgbà kì í ṣe onílé lásán. Nígbà tí kànga bàbá rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó fi konkere bò ó lórí kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà já sí i. Ta ló tún ń ro irú ìyẹn nínú àwọn onílé ìsinsìnyí?

Bímpé, ọmọ Màmá, dìde. Ó ti jáde ní yunifásítì, ó sì ń wáṣẹ́. Ọmọ rẹ̀, Ọ̀rẹ́olúwa, dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Taifọ́ọ̀dù tún ti dá a wó.

"Alàgbà, ẹ má bínú. Èèyàn ti pọ̀ jù lórí ilẹ̀ kékeré yìí. Yàrá tó yẹ ẹnì kan, ẹ kó mẹ́rin sí i. Igi tó bo orísun odò, ẹ gé e, odò sì gbẹ. Bí ẹ bá tún kó èèyàn wá, omi kànga yìí náà yóò tán."

"Omi yóò tán?" Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi dá a lóhùn. Kí n tó kọ́lé, báwo ni kànga yín ṣe máa ń rí lóṣù Kejì?"

"Ẹrọ̀fọ̀ ni," Màmá ní. "Odò la ti ń pọnmi."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Ó kún. A ti gé okùn ìfami wa kúrú."

Òótọ́ ni, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kó wọlé Alàgbà, kànga Màmá kò gbẹ mọ́. Lọ́dún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé, omi náà lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà, omi padà. Màmá ṣe ìdúpẹ́, oníwàásù sì fi odindi ìwàásù kan sọ ọ́. Àwọn kan ní omi náà ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Oníwàásù ní iyọ̀ ìwòsàn ni. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń gbé jálá wá pọn ún.

"Ẹ̀yin alákọ̀wé," Ọ̀gbẹ́ni Isaac ní, "wọ́n kọ́ yín pé bí èèyàn bá pọ̀, omi á dín kù. Níbí, bí èèyàn ṣe ń pọ̀ lomi ń pọ̀. Ìwé wo lo fẹ́ fi já ìyẹn nírọ́?"

"Ó ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ tán," ẹnì kan sọ lẹ́yìn, "ló ṣe fẹ́ lé àwọn tó kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bímpé wo kànga. Ó ti pọnmi níbẹ̀ láàárọ̀, kò sì lè sọ pé kò kún.

"Àìsàn yìí ńkọ́?" ó ní. "Kò pọ̀ tó báyìí tẹ́lẹ̀."

"Ẹ̀fọn ni," Ọ̀gbẹ́ni Isaac ní. "Ra nẹ́ẹ̀tì."

"Àwọn onílé tó kù ń pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Mi ò rí i lẹ́nu ọ̀nà Alàgbà rí."

"Ìyẹn náà wá di ẹ̀ṣẹ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Isaac ní. "Òórùn ọkọ̀ yẹn ló ń wù ọ́ gbọ́?"

Ẹ̀rín náà pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bímpé jókòó.

Màmá na ọwọ́ sí Alàgbà. "Ulé tó o kọ́ yẹn ló gbé omi wá bá mi. Dúrójayé, kọ́ ulé rẹ."

Ó ní kí wọ́n bu omi kànga wá láti fi di àdéhùn náà. Alàgbà fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó gbàdúrà gígùn lé e lórí, ó sì gbé e fún Ọ̀gbẹ́ni Isaac. Ọ̀gbẹ́ni Isaac mu ún tán.

Ọ̀rẹ́olúwa ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé kó máa mu omi dáadáa. Màmá bu ife kan kún bámú, Bímpé gbé orí ọmọ náà sókè.

"Mu ún, ọmọ mi," Màmá ní. "Mu ún tán."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àwọn bíríkìlà Alàgbà dé, wọ́n sì gbé ọmọrí konkere kúrò lórí kànga bàbá rẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò ki páìpù ilé ìyàgbẹ́ tuntun bọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ilé àkọ́kọ́ tó ti ń da ìgbẹ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ti wọlé.